Báà Kún, Owó Ò Lọ: Èsì sí Bàbá Tó Ń Béèrè Òpó Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tuntun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan láti Ṣàgárì Village, nílùú Àkúrẹ́ wa níbí, kọ sí yín. Wọ́n ní kí ìjọba pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kí wọ́n wá ri òpó méjì míì mọ́ àdúgbò àwọn, torí fóònù ń gbé báà mẹ́rin ṣùgbọ́n owó kì í lọ, fídíò kì í lọ, ohùn sì máa ń já lẹ́nu ẹni. Ẹ̀dùn ọkàn bàbá yé mi dáadáa, ìyà náà ti pọ̀ jù lóòótọ́. Òpó méjì tí wọ́n ń béèrè yẹn ni mi ò fara mọ́.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: iṣẹ́ mi nígbà kan rí ni kí n máa jókòó sínú mọ́tò káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó, fóònù mẹ́rin lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, láàpútọ́ọ̀pù lórí itan, kí n máa wo bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe láti ibì kan dé ibòmíì. Drive test ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń sá tí wọ́n bá rí wáyà tó kún inú mọ́tò wa, wọ́n á rò pé EFCC ti dé. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà mí síṣẹ́, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, nítorí náà mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Ní báyìí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Arákàlè, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé báà tí wọ́n ń rí lójú fóònù, ohun tí fóònù ń gbọ́ lẹ́nu òpó ló ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí òpó ń gbọ́ lẹ́nu fóònù. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà méjèèjì. Òpó ńlá lè fi 40 wọ́ọ̀tì pariwo, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù ọwọ́ yín kì í sábà kọjá ìdá kan nínú márùn-ún wọ́ọ̀tì kan. Nítorí náà ẹ lè máa gbọ́ òpó ketekete kí òpó má gbọ́ yín rárá. Èyí ni ìdí tó wọ́pọ̀ jù lọ, mi ò ní parọ́ fún bàbá. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni wàhálà Ṣàgárì, á jẹ́ pé òpó tó sún mọ́ wọn yóò wúlò.

Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà tí wọn kì í sọ fún ará ìlú, òun náà ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí. Àkókò ni.

Ohùn fóònù tí mò ń wí yìí, ìgbì rédíò ni, kì í ṣe ohùn ẹnu; ó ń rin kìlómítà 300,000 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ó dà bíi pé ojú ẹsẹ̀ ló ń dé, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Tí ẹ bá gé sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní máíkrósẹ́kọ́ńdì, kò lè gbé ohùn yẹn ju 300 mítà lọ. Ẹni tó wà ní kìlómítà kan sí òpó, ohùn rẹ̀ á pẹ́ ní máíkrósẹ́kọ́ńdì mẹ́ta lé díẹ̀ kó tó débẹ̀. Ti òpó náà sì ti kọ́kọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òpó kan ṣoṣo sì ń gbọ́ tẹnu ọ̀pọ̀ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti pín àsìkò fún oníkálukú wọn. Tí tẹnìkan bá pẹ́ dé, á já lu ti ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì á sì dàrú.

Ẹ jẹ́ ká ní ìdáná kan wà ní Ìsìnkàn, tí gbogbo ẹbí ọkọ gbọ́dọ̀ wọlé pa pọ̀ ní aago mẹ́wàá gééré. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ kò lè kúrò nílé lásìkò kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀ láti Òkè-Ìjẹ̀bú. Alága ìdúró ní láti ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìwọ, tètè gbéra, ìwọ, ó ṣì kù díẹ̀. Ohun tí òpó ń ṣe fún fóònù gan-an nìyẹn. Á wọn bí ohùn fóònù ṣe pẹ́ sí, á wá pàṣẹ fún un pé kó máa ṣáájú àsìkò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n báyìí báyìí. Timing advance ni wọ́n ń pe àṣẹ náà, àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà a máa ń pè é ní TA lásán.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, TA wà nínú rẹ̀. Láti 0 dé 63 ni nọ́ńbà rẹ̀, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bí 550 mítà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, kìlómítà 35 ni. Ẹni tó bá jókòó sí ìlú Oǹdó, kódà kí ohùn òpó Àkúrẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kedere láìsí òkè láìsí igbó láàárín, kò lè fi GSM lásán bá òpó yẹn sọ̀rọ̀, nítorí kò sí nọ́ńbà tó gùn tó láti sọ fún fóònù rẹ̀ bó ṣe yẹ kó ṣáájú tó. Nígbà tí 4G dé, ìṣísẹ̀ náà kéré sí i, ó di 78 mítà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, torí mo lè wo TA lójú láàpútọ́ọ̀pù kí n sọ ibi tí a wà sí òpó láìwo ìta. TA 12, á jẹ́ pé a ò tíì tó kìlómítà kan. Mọ́tò akérò tó bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, kí sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta tó pé ni nọ́ńbà yẹn á ti yí padà. Òpó gbọ́dọ̀ máa tún àṣẹ pa ni.

Àṣẹ náà kì í sì í wà títí ayé. Aago kan ń kà á. Ilé-iṣẹ́ lè gbé aago yẹn sí ìdajì sẹ́kọ́ńdì, ó lè gbé e dé bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá, ó sì lè ní kó má parí mọ́ rárá. Bó bá parí kí àṣẹ tuntun tó wọlé, fóònù kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́, àfi kó padà lọ kanlẹ̀kùn òpó láti ìbẹ̀rẹ̀. Báà á ṣì kún ní gbogbo àsìkò yẹn o.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wá ti kan Ṣàgárì nìyí. Láyé òpó kan ṣoṣo, alága kan, ìdáná kan, kò sí wàhálà. Ní báyìí, ibi tí ohùn ti ń jáde ti pọ̀ sí i: òpó ńlá lẹ́bàá títì, áńtẹ́nà kékeré lórí ilé alájà mẹ́ta, òmíràn lára òpó iná. Nígbà míì gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà lójú fóònù, fóònù kò sì mọ̀ pé méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n. Tí wọ́n bá fún un ní TA tó bá òpó ẹ̀bá títì mu, ohùn rẹ̀ á dé ibẹ̀ lásìkò, á sì dé ti orí ilé ṣáájú àsìkò tàbí lẹ́yìn àsìkò. Ẹni tí ìdáná méjì pè lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ní Ìsìnkàn, ọ̀kan ní Oǹdó, ẹ ò lè fún un ní aago ìgbéra kan ṣoṣo kí ẹ máa retí pé kò ní pẹ́ dé ìkankan.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò gọ̀, wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ohun tó bá pẹ́ dé. Lórí 4G, àyè yẹn tó máíkrósẹ́kọ́ńdì 4.7. Lórí 5G tí wọ́n ń lò ní ìkànnì 3.5 GHz, àyè náà sábà máa ń jẹ́ 2.3 péré. Ìyẹn ni pé bí òpó kan bá fi 700 mítà jìnnà sí yín ju èkejì lọ, àyè náà ti tán. Ẹ ò sì tíì ka ti gbohùngbohùn. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ ohun tí mò ń sọ: ohùn á lọ kọlu àpáta, á ṣẹ́rí padà, á sì dé lẹ́yìn èyí tó gba tààrà. Ibẹ̀ nira fún wa jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Mo máa ń sọ fún awakọ̀ wa pé kó má tíì jẹun títí a ó fi kúrò láàárín àpáta, torí tó bá ti jẹ iyán Ìdànrè tán, kò ní fẹ́ tún ọ̀nà náà gbà lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn tó ń kọ òfin ẹ̀rọ yìí fún gbogbo àgbáyé, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ 3GPP, mọ ìṣòro náà. Nínú ẹ̀dà òfin wọn tó ń jẹ́ Release 11, tí wọ́n ṣe fún 4G, wọ́n gbà kí fóònù ní ju àṣẹ TA kan lọ bó bá ń lo ju ìkànnì kan lọ. Nínú Release 18 tí wọ́n parí lọ́dún 2024 fún 5G, wọ́n wá gbà á láyè pé lórí ìkànnì kan náà, fóònù lè di TA méjì mú, ọ̀kan fún ibi kọ̀ọ̀kan tó ń bá sọ̀rọ̀, kí aago ọ̀kan má sì dí èkejì lọ́wọ́. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tí wọn kò ṣe fún un kò lè lò ó, òpó tí wọn kò ṣe fún un kò lè fún un ní àṣẹ náà. Bí ẹ bá rí irú fóònù tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní Arákàlè, ẹ ó mọ̀ pé ọjọ́ ṣì jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ọjà kan wà ní ìlú Oǹdó tí àwọn ọlọ́jà ti ń pariwo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìgbà pípẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn. Dípò kí wọ́n ri òpó tuntun, wọ́n fa fáíbà, okùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, láti òpó tó wà lẹ́bàá títì, wọ́n gbé áńtẹ́nà kékeré sórí òrùlé kan láàárín ọjà. Iṣẹ́ tó mọ́gbọ́n dání ni. Báà kún lójú fóònù gbogbo ọjà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín ṣẹ́ẹ̀tì.

Obìnrin kan ń ṣe POS lábẹ́ agbòòrùn nísàlẹ̀ òrùlé yẹn gan-an. Ó ní kí wọ́n tó gbé e dé, báà méjì lòun ń rí, owó sì ń lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dé, báà kún dẹ́nu, owó kò lọ mọ́. Ó na ìwé kékeré tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde sí mi, ó ti kó wọn jọ sínú ọ̀rá kan: declined, declined. Ti àwọn tí wọ́n yọ owó wọn tí kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi rọ́bà so wọ́n lọ́tọ̀, ó kọ orúkọ oníbàárà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti jà pẹ̀lú èèyàn nítorí wọn.

Mo gbé fóònù mi sórí tábìlì rẹ̀, mo ṣí láàpútọ́ọ̀pù. TA 4. Ó dáa, òpó ẹ̀bá títì kò ju 300 mítà lọ sí ibi tí a wà, nọ́ńbà yẹn bá a mu. Fóònù sùn díẹ̀, ó jí, ó tún kanlẹ̀kùn. TA 39. Mo rò pé mi ò ríran dáadáa. TA 39 túmọ̀ sí pé fóònù mi jìnnà ju kìlómítà 3 lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo lè ju òkúta lu áńtẹ́nà orí òrùlé náà láti ibi tí mo jókòó sí. Ó tún padà sí 4. Ó tún lọ sí 39.

Fáíbà ni. Ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà kì í sáré tó ti ojú òfuurufú, kìlómítà kan ń gbà á ní nǹkan bíi máíkrósẹ́kọ́ńdì 5. Wọn kò fa fáíbà náà gba tààrà, ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n gbé e gbà, ó yí ká ṣọ́ọ̀bù, ìyókù rẹ̀ ni wọ́n sì ká jọ sínú àpótí kan, gbogbo rẹ̀ tó kìlómítà 2. Máíkrósẹ́kọ́ńdì 10 ní lílọ, 10 ní bíbọ̀. Lójú òpó, ńṣe ló dà bíi pé fóònù wà ní kìlómítà 3, ibẹ̀ ni TA 39 ti wá. Kò sẹ́ni tó ka ìdádúró yẹn mọ́ ẹ̀rọ. Ohùn kan náà láti fóònù kan náà wá ń wọ òpó lẹ́ẹ̀mejì, lójú òfuurufú àti lójú fáíbà, ìyàtọ̀ àárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àyè 4.7 tí mo sọ lókè. Bí àṣẹ bá bá ọ̀kan mu, èkejì á wá dà á rú.

Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi. Ọ̀gá tí mo kọ ọ́ sí dá mi lóhùn pé báà ti kún, kí ni mo tún ń wá? Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́. Nígbà tí wọ́n sì gbọ́, kò sẹ́ni tó ri òpó kankan. Wọ́n sọ áńtẹ́nà orí òrùlé di ìkànnì ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, tó ń fún fóònù ní àkókò tirẹ̀. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹnikẹ́ni kò wá ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá wa lè sọ pé òpó odidi lòun ń béèrè, kì í ṣe áńtẹ́nà orí òrùlé. Kò yọ ọ́ sílẹ̀, sà. Tí òpó mẹ́ta bá yí Ṣàgárì ká, tí wọn kò bá ṣètò wọn dáadáa, fóònù yín á máa bọ́ láti ọwọ́ ọ̀kan sí ọwọ́ èkejì lórí àga kan ṣoṣo tí ẹ jókòó sí, gbogbo ìgbà tó bá sì bọ́, ó gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn gba TA tuntun. Àwọn òpó náà tún gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu ní aago. Áńtẹ́nà GPS kékeré funfun tó wà lára òpó ni wọ́n fi ń gba aago yẹn láti ojú ọ̀run, kò sì yẹ kí òpó 5G méjì tó pààlà yàtọ̀ síra ju máíkrósẹ́kọ́ńdì 3 lọ. Àwọn tó ń lọ gé wáyà òpó lóru torí kọ́pà, tí wọ́n bá gé ti GPS mọ́ ọn, kì í ṣe òpó yẹn nìkan ni wọ́n bàjẹ́, wọ́n ń kó bá àwọn tó yí i ká.

Ohun tí mò ń fẹ́ kí bàbá àti ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wọn kọ sínú ìwé ẹ̀sùn ni pé kí wọ́n wá wọn ọ̀nà ìfiránṣẹ́, kí wọ́n wọn TA, kí wọ́n fi èsì rẹ̀ han àdúgbò. Ẹ pe NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì má wulẹ̀ sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, gbólóhùn yẹn kò ran ẹnjiníà kankan lọ́wọ́. Ẹ sọ pé ó ń gbọ́, kò lè fèsì. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp, kó gùn tó ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ránṣẹ́. Tí àmì aago kékeré bá dúró síbẹ̀ tí kò kúrò, tí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì sì ń wọlé fún yín wẹ́rẹ́, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ ló dí. Ẹ gbé fóònù sí airplane mode, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Tó bá lọ lójú ẹsẹ̀, tó tún dí lẹ́yìn díẹ̀, ẹ kọ aago àti ibi tí ẹ wà sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí pátápátá pé TA ni, ṣùgbọ́n ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin oníròyìn náà, nígbà míì tí wọ́n bá pè yín síbi tí wọ́n ti ń ṣí òpó tuntun, tí ọ̀gá kan sì gbé fóònù sókè pé ẹ wo báà, ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ níbẹ̀ lójú yín.

Ti bàbá Ṣàgárì, láàpútọ́ọ̀pù mi àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n rán ọmọ kan sí mi ní Arákàlè ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ìdí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ "A ń tún fóònù ṣe" sí ní àwọ̀ pupa. Kí wọ́n tó rán an, kí wọ́n bá mi wádìí bóyá fáíbà kankan gba orí òrùlé aládùúgbò wọn kọjá, torí ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Tèmi,
Arákàlè, Àkúrẹ́.